Ẹni Tí Kò Lè Kọ̀ Mí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kò ṣeé pariwo sọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé tó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, àwọn tó ń kọjá lọ ní títì á ti máa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó dé. Ilé okùn ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ni ín kó tó kú. Abà gígùn kan báyìí ni, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé bí o bá dúró ní ìpẹ̀kun kan, o kò ní dá ojú ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì mọ̀ àfi tó bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ́ okùn ọkọ̀ ojú omi, okùn kànga, àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kan á jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ onígi ńlá, á máa yí i. Ẹnì kejì á di ọ̀gbọ̀, fọ́nrán tí wọ́n fi ń lọ́ okùn, mọ́ ìbàdí, á máa fi ìka fà á jáde díẹ̀díẹ̀, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, títí yóò fi dé ìpẹ̀kun abà. Bí ẹni tó wà nídìí kẹ̀kẹ́ bá yára jù, okùn á ká jọ. Bó bá lọ́ra, okùn á tú. Orin ló ń mú àwọn méjèèjì rìn pọ̀. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni Ẹlẹ́rìn-ín ti ń yí kẹ̀kẹ́ yìí. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀yìn rìn, tó ń dá orin, Alóhùn ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ ló fa orúkọ. Á na ọ̀gbọ̀ lọ́wọ́, á gbójú sókè, á ní:

*Mo ń lọ, mo ń lọ, mi ò tíì lọ,*
*Ojú mi ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ;*
*Yí i wéré, yí i pẹ̀lẹ́,*
*Okùn wa kò ní já.*

Ẹrú ni Alóhùn. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé nínú ilé náà wọn kì í sọ ọ́. "Àwọn tiwa" ni wọ́n ń pè wọ́n. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ló rà á láti òkè odò nígbà tí irun kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí bàbá fẹ́ kú, ó pín ohun tó ní: ilé tí wọ́n ń gbé àti Alásè, obìnrin tó ń dáná fún wọn, fún ìyàwó, ilé okùn, Alóhùn, àti Bàbá Olóòyà, bàbá arúgbó kan tó ń fi òòyà onírin ya ọ̀gbọ̀, fún ọmọ. Ó pín wọn bí ẹni tó ń pín àga. Ẹlẹ́rìn-ín sunkún bàbá rẹ̀, ó sì padà sídìí kẹ̀kẹ́. Kò ro nǹkan kan sí i.

Ọ̀fìnkìn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀fìnkìn mú Alóhùn, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá. Bàbá Olóòyà wá ní kó sinmi, ó ní òun á dá orin fún ọjọ́ méjì. Ohùn Bàbá Olóòyà dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Ẹlẹ́rìn-ín yí kẹ̀kẹ́ títí, okùn ń ká, okùn ń tú. Lọ́jọ́ kejì ó gbé orí lé kẹ̀kẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ìyá Oníbọ́tìnnì ló bá a bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ nìyẹn, obìnrin kékeré tí kì í gbé ẹnu sójú kan, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè odò àti ìsàlẹ̀ odò láti ta bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́, tó sì ti bá ìdajì ìlú wá ọkọ.

"Ta ni?" ni Ìyá Oníbọ́tìnnì bi í.

"Ta ni kí ni, Àǹtí?"

"Ta ni ẹni tó ń ba okùn rẹ jẹ́?"

"Bàbá Olóòyà ni. Kò mọ orin ín dá."

"Ohùn ẹni tó kọ orin kọ́ ni mò ń béèrè. Ohùn ta ni etí rẹ ń wá kiri?"

Ẹlẹ́rìn-ín tún gba kẹ̀kẹ́ mú, ó yí i sódì. Ojú rẹ̀ gbóná. Àǹtí rẹ̀ wò ó, ó wo ibùsùn Alóhùn tó wà lẹ́yìn abà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ gbà mí o! Ó ti ṣẹlẹ̀."

Nígbà tí ara Alóhùn yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń lu páànù òrùlé kíkankíkan. Ẹlẹ́rìn-ín dá kẹ̀kẹ́ dúró kí wọ́n jẹ búrẹ́dì.

"Alóhùn."

"Mà."

"Ṣé... ṣé o fẹ́ràn mi?"

Ó mú ojú kúrò lára búrẹ́dì. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé wàá fẹ́ mi? Kí n jẹ́ aya rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Yé! Ẹlẹ́rìn-ín fò dìde. Ó sáré la òjò kọjá wọ ilé tí wọ́n ń gbé, ó jó yí tábìlì ká, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra láìsọ ìdí, ó fi ẹnu ko Alásè lẹ́rẹ̀kẹ́, Alásè sì nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú ìbínú. Àfi ìgbà tó ń fi aṣọ nu omi òjò lórí ni nǹkan kan ta á lọ́kàn. *Bẹ́ẹ̀ ni, mà.* Níbo ló ti gbọ́ ohùn yẹn? Láàárọ̀ yẹn gan-an ni. Ó ní kí Alóhùn gbé korobá kúrò lójú ọ̀nà, ó sì dáhùn. Ohùn kan náà ni. Kò ga, kò rẹlẹ̀.

Ó padà sínú òjò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà abà, omi ń kán lára rẹ̀.

"Alóhùn, ṣé oòrùn ń ràn níta?"

Alóhùn wo òrùlé tí òjò ń lù. Ó wo aṣọ Ẹlẹ́rìn-ín tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Bí ẹ bá ní ó ń ràn, mà, ó ń ràn."

"Òjò ni o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ń rọ̀ gan-an."

Bàbá Olóòyà rẹ́rìn-ín sínú ọ̀gbọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ń rò ó nígbà tó ń fọ ojú, ó ń rò ó nígbà tó ń ká okùn. Bí mo bá ní kó fẹ́ mi, á fẹ́ mi. Bí mo bá ní kó fẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí, á fẹ́ kẹ̀kẹ́. Kí wá ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ohùn ara mi ni mo gbọ́. Ẹni tí kò lè kọ̀ mí, báwo ló ṣe máa gbà mí?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá rẹ̀. Màmá ń lọ aṣọ lọ́wọ́.

"O fẹ́ Alóhùn?" Màmá gbé irin sílẹ̀. "Ta ló ń fẹ́ ohun tó ti ní? Tìrẹ ṣá ni! Ọmọ aránfìlà tó fẹ́ fẹ́ ọ ń bọ̀ wá kí wa ní ọjọ́ ìsinmi."

"Màmá, ọmọ aránfìlà, gbogbo fìlà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, kò sí èyí tó gba orí rẹ̀."

"Ṣé orí lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ tú Alóhùn sílẹ̀, Màmá. Kó di ẹni ara rẹ̀. Nígbà náà ni kí n tó bi í."

Màmá wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. "Bó bá wá lọ ńkọ́?"

Ibẹ̀ gan-an ló ń dun Ẹlẹ́rìn-ín.

Ó lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú láti gba ìwé òmìnira Alóhùn. Yàrá tóóró kan ni, ìwé kún ibẹ̀ dé òrùlé, akọ̀wé sì kéré débi pé ìwájú orí rẹ̀ nìkan ló yọ lẹ́yìn tábìlì.

"Kí ló ṣẹ̀?" ni akọ̀wé bi í.

"Kò ṣẹ̀ nǹkan kan, sà."

"Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

"Ó le bí okùn."

"Ó ti darúgbó?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni, sà."

Akọ̀wé fi gègé họ etí. "Ìwé tí mo ní níbí, àyè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀, àìsàn, ogbó. Èwo ni kí n fàmì sí?"

"Ẹ fà á sí èyí tó bá wù yín, sà, kí ẹ ṣá lu òǹtẹ̀."

Ó lu òǹtẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ká ìwé náà sínú aṣọ, ó ń kọrin lọ sílé. Lọ́la, màá fún un lọ́la.

Lọ́la dé, Alóhùn sì kọ orin kan tuntun. Ó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹlẹ́rìn-ín ní kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ kejì ó ní iṣẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ní ìwé kò ní bàjẹ́. Ó kó o sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, á ṣí i láàárọ̀, á wò ó, á pa á dé, á lọ sídìí kẹ̀kẹ́ lọ jẹ adùn. Ojú Alóhùn ń bẹ lára rẹ̀ látàárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ, ó ń wò ó. Inú rẹ̀ á dùn, á sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó jẹ́ pé kò mọ èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ yànjú. Olè ni mí, á wí fún ara rẹ̀. Mo jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, mo tún ń jí i lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ kan, okùn dé ìdajì abà, Ẹlẹ́rìn-ín ṣàdédé jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́. Ó dìde, ó rìn bá a. Ó na ìwé sí i.

"Kí lèyí, mà?"

"Jẹ́ kí n kà á fún ọ." Ó tú ìwé náà. "'Ẹni tí a ń pè ní Alóhùn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé okùn, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́ láti òní lọ.'"

Bàbá Olóòyà dá òòyà dúró.

Alóhùn ní, "Láti òní. Òní wo?"

Ẹlẹ́rìn-ín ì bá purọ́. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé wàá lọ."

Alóhùn mi orí. Ó tú ọ̀gbọ̀ kúrò ní ìbàdí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má bàa díjú, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Mo ń lọ." Kò fi "mà" kankan kún un. Ó yí padà. Láti ọdún mọ́kànlá, ojú ọkùnrin yìí nìkan ni Ẹlẹ́rìn-ín mọ̀; lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn gígùn ni, ó dúró ṣánṣán, ẹ̀wù ti gbó ní èjìká rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Oṣù mẹ́rin gbáko, kò sí ìròyìn. Ọmọ aránfìlà wá kí wọn, ó jókòó, ó lọ. Ẹlẹ́rìn-ín gba òṣìṣẹ́ kan láti máa fi ẹ̀yìn rìn. Ọkùnrin náà kì í kọrin, ṣe ló ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde ketekete. Okùn ń dúró, ṣùgbọ́n kò dùn ún lọ́.

Ìgbà tó yá ni Ìyá Oníbọ́tìnnì já wọlé tìbọ́tìnnì-tìbọ́tìnnì, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó ti ń pariwo.

"Mo rí i! Ó wà lábúlé ìyá rẹ̀. Ó ti sanra!"

Ẹlẹ́rìn-ín gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ọwọ́ ọ̀tún rẹ ṣì máa ń ro ọ́ láàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí! Ẹlẹ́rìn-ín kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ọwọ́ ọ̀tún ń ro òun. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá ní títì dáhùn.

"Ó ní òun bínú fún oṣù kan," ni Àǹtí rẹ̀ ń bá a lọ. "Lóṣù kejì ó ní orin kò wọ òun lẹ́nu. Lóṣù kẹta ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ wá tọrọ rẹ. Ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

"Ìyá rẹ̀ kò gbà."

Màmá jáde láti inú yàrá bí ẹni tí wọ́n ta omi gbígbóná sí. "Ta ni kò gbà? Ta ni wọn kò gbà?"

"Ọmọ yín ni wọn kò gbà, ìyàwó wa."

"Ọmọ tèmi? Ọmọ tí àwọn aránfìlà ń bẹ̀ mí lé lórí?"

"Màmá, ẹ̀yin náà kò ṣáà fẹ́ ẹ," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Èmi ni mo láṣẹ láti má fẹ́ ẹ! Ta ló fún tiwọn láṣẹ?"

Ẹlẹ́rìn-ín wọ ọkọ̀ tẹ̀lé Àǹtí rẹ̀ lọ sókè odò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò lórí omi. Ìyá Alóhùn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ahunẹní, wà níwájú ilé, ó ń hun ẹní, kò dìde. Alóhùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lóòótọ́, ó ti sanra.

"O ti dé," ló wí.

Kò pè é ní ẹ. *O* ló pè é.

"Lọ pọn omi," ni ìyá Alóhùn wí fún un.

"Ìyá mi, màá dúró gbọ́."

"Mo ní kí o lọ pọn omi."

Ó lọ pọn omi. Kò sí akọ̀wé tó lè lu òǹtẹ̀ tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá bẹ́ẹ̀.

Ìyá Oníbọ́tìnnì tẹ́ ohùn sílẹ̀, ó ní òdòdó kan ni àwọn rí nínú ọgbà ilé yìí, àwọn sì wá bóyá... Ìyá Ahunẹní gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òdòdó sílẹ̀. Ọmọ ni mo bí." Ó kọjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Ìwọ lọmọ ẹni tó ra ọmọ mi?"

"Èmi ni, Mà."

"Ọdún mélòó lo fi gbọ́ orin rẹ̀?"

"Mọ́kànlá."

"Nínú mọ́kànlá yẹn, ọdún wo ló wá sí ọ lọ́kàn pé ẹnì kan ló bí i?"

Ìyá Oníbọ́tìnnì fẹ́ sọ̀rọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọdún tó kẹ́yìn, Mà. Nígbà tí ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lára ni mo tó rí i. Ká ní kò kó sí mi lára ni, n kì bá tíì rí i."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ẹní. "O kò purọ́. Ta ló kù nílé yín?"

"Bàbá Olóòyà, àti Alásè."

"Ṣé wọ́n mọ orin kọ?"

"Bàbá Olóòyà kò mọ̀ ọ́n kọ rárá. Alásè kì í kọrin, ó máa ń bú mi ni."

"Àwọn yẹn, ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ti hù?"

Ẹlẹ́rìn-ín tẹ orí ba.

"Ẹni tí o fẹ́ràn lo tú sílẹ̀," ni Ìyá Ahunẹní wí, kò pariwo, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "Ebi rẹ̀ ló ń pa ọ́, o sì ṣe ohun tí ebi ní kí o ṣe. Lọ ṣe é fún ẹni tí o kò fẹ́ràn. Nígbà náà ni màá mọ irú ẹni tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́."

Ẹlẹ́rìn-ín wọ ọkọ̀ padà sílé. Òòyà Bàbá Olóòyà ló ń rò. Lọ́jọ́ tó ka ìwé fún Alóhùn, òòyà yẹn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà ń retí bóyá ìwé kejì wà. Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ nígbà tí òòyà dúró. Kò yíjú padà. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ti Alóhùn ló ń sun.

Wàhálà kò sí nínú ti Bàbá Olóòyà. Ó gbọ́ ìwé rẹ̀ parí, ó bi í pé, "Ṣé mo lè jókòó?" Ó jókòó. "Mi ò níbi tí mò ń lọ, màá dúró. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ owó iṣẹ́ mi, mo fẹ́ àga tó ní ìfẹ̀yìntì, mi ò sì ní dá orin fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Bàbá, ti orin yẹn, ẹ ṣeun gan-an ni," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

Màmá ló ni Alásè. Ibẹ̀ ni ogun wà.

"Alásè? Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ wà! Bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa ni."

"Ẹ tú u sílẹ̀ nígbà náà, Màmá, kí ẹ wá bi í pé ṣé ó fẹ́ dúró."

"Á dúró! Ìyẹn kò ní iyèméjì. Ó fẹ́ràn mi."

"Ẹ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi fà á. Ní ìkẹyìn, nítorí kó lè fi han ọmọ rẹ̀ pé òun tọ̀nà, Màmá lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé, ó gbé ìwé dé, ó wọ ilé ìdáná tẹ̀ríntẹ̀rín. "Alásè, o ti di ẹni ara rẹ o. Ó yá, sọ fún ọmọ yìí pé o kò lọ síbì kankan."

Alásè nu ọwọ́. Ó tú aṣọ ìdáná kúrò ní ìbàdí. "Mo ti ń lọ," ló wí. Ó mú ìkòkò ńlá, èyí tó dára jù nínú ilé. "Èyí ń bá mi lọ."

Màmá dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ẹrù Alásè lé orí ara rẹ̀, ó sì bá a gbé e dé yàrá tó lọ gbà ní òdìkejì ìlú. Nígbà tí wọ́n dé, Alásè ní, "O ti tẹ ẹrù mi wọ́." Ìlẹ̀kùn sì pa dé.

Ẹlẹ́rìn-ín wá ń dáná nílé. Ẹ má bi mí bí ó ṣe rí. Màmá jẹ ẹ̀wà tó jóná fún ọjọ́ márùn-ún, ó ń sunkún, kò sọ bóyá ẹ̀wà ni àbí Alásè. Ní ọjọ́ kẹfà wọ́n gbọ́ pé Alásè ti ṣí ilé oúnjẹ síwájú yàrá rẹ̀, èrò sì ń tò. Màmá wọ aṣọ tó dára, ó lọ. Ó fẹ́ kọjá sí iwájú.

"Ẹ tò sẹ́yìn, Màmá," ni Alásè wí. "Ẹni tó ṣáájú yín wà níbí."

Màmá tò sẹ́yìn. Ó jẹun, ó jókòó títí èrò fi tán, ó bèèrè bóyá òun lè jókòó díẹ̀ sí i. Ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, pé Alásè kò fẹ́ràn ata, pé ó ní àbúrò obìnrin kan níbì kan, pé ẹ̀yìn máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó sọkún délé, ó ní, "Mi ò bi í rí. Ọgbọ̀n ọdún, mi ò bi í rí!" Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ tò.

Ìyá Oníbọ́tìnnì gbé ìròyìn náà lọ sókè odò. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ dé láti ibẹ̀. Ìyá Ahunẹní ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó gbé ẹrù ńlá kan sórí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á, títí kan ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ kí i. Ó na ọwọ́ sí ẹrù. "Fi sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Níbo ni Alásè wà?"

Gbogbo wọn tò lọ síbẹ̀: Màmá, Ìyá Oníbọ́tìnnì, Bàbá Olóòyà tó gbé àga rẹ̀ dání. Ó jẹ́ ọ̀sán gangan, èrò kún. Ìyá Ahunẹní dúró níwájú Alásè pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Ìwọ ni wọ́n tú sílẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ọmọ yìí, báwo ni o ṣe rí i?"

Alásè wo Ẹlẹ́rìn-ín láti òkè délẹ̀. "Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ariwo ẹ̀rín rẹ̀ ń fọ́ mi lórí. Kò mọ iyọ̀ sí ọbẹ̀."

Ìyá Oníbọ́tìnnì di ojú.

"Ṣùgbọ́n òun ló bá ìyá rẹ̀ jà títí ìwé mi fi dé," ni Alásè wí, ó ń ro ọbẹ̀. "Òun ló ru ẹrù mi dé ẹnu ọ̀nà yìí. Ó mọ̀ pé mi ò ní dúpẹ́. Mi ò sì dúpẹ́. Kò sì padà wá bèèrè ọpẹ́."

Ìyá Ahunẹní yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ì bá ti parọ́ fún mi. Ó yá, sọ tẹnu rẹ."

Alóhùn bọ́ síwájú. Àwọn tó ń jẹun dá ṣíbí dúró lókè.

"Mo wá tọrọ rẹ," ló wí. "Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Bí o bá kọ̀, màá wọ ọkọ̀ padà, mi ò sì ní bínú ju ọdún méjì lọ."

"Bí mo bá gbà ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní gbé abẹ́ òrùlé bàbá rẹ. A máa gba yàrá tiwa. Ilé okùn, ìdajì rẹ̀ tèmi. Bí inú bá bí mi, màá sọ, màá sọ ọ́ sókè. Nítorí náà rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, omi ti gba ojú rẹ̀. "Ìdajì rẹ̀ tìrẹ. Yàrá tó bá wù ọ́. Bí inú bá bí èmi náà, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ohùn mi kò kéré. Mo fẹ́ ọ. Mo fẹ́ ọ gidigidi."

Yéè! Ẹ gbọ́ ariwo! Alásè fi ṣíbí ọbẹ̀ lu ìkòkò, ó ní òun ń lé eṣinṣin ni. Ìyá Oníbọ́tìnnì ti kó bọ́tìnnì dà sílẹ̀ nínú ijó. Màmá ló dá orin, Màmá fúnra rẹ̀:

*Wọ́n bi í, ó dáhùn o,*
*Ẹnu ara rẹ̀ ló fi dáhùn;*
*Ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi rẹ́ni fẹ́,*
*Ẹni tó fẹ́ ẹ padà.*

Èrò gbe orin. Bàbá Olóòyà nìkan ni kò gbe é. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́.

Láàárín ariwo náà, Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ tí ẹnì kan pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

"Ìyàwó mi."

Ìyá Ahunẹní ni. Ó ti sọ orí sílẹ̀ díẹ̀.

"Ìyàwó mi, gba ẹrù yìí lórí mi. Ọrùn ń ro mí láti etí odò."

Ẹlẹ́rìn-ín gbà á. Ó wúwo bí òkúta. Ó sọ ọ́ lé orí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó sì ṣáájú wọn lọ, ẹ̀rín ń já lẹ́nu rẹ̀, gbogbo títì sì ń bá a rẹ́rìn-ín.